Fíìmù tí bàbá mi yà ní Bùnú ti ń rùn kíkan: báwo la ṣe máa tún un ṣe kó lè di dísìkì?

Ọmọ Kàbà:
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Bàbá mi tó ti dolóògbé ṣiṣẹ́ kámẹ́rà fún ìjọba, ní Kàdúná lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Ìlọrin nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara. Lẹ́yìn iṣẹ́ ìjọba, ó fi owó ara rẹ̀ ya fíìmù kan ní 1978, ní àwọn abúlé Bùnú àti níbí ní Kàbà. Kì í ṣe eré bí èyí tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ẹni tó ń sọ ìtàn nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń hun aṣọ nídìí òfì òòró, kámẹ́rà á kàn dúró ti ọwọ́ wọn pẹ́pẹ́pẹ́. Òkè wà níbẹ̀, òjò wà níbẹ̀, wọ́n sìnkú ìjòyè àgbà kan, ìlù ń dún, àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi í hàn nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan lọ́dún náà. Mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tún wò ó lẹ́yìn ìyẹn.

Orí àjà ilé wa ló wà látọjọ́ yìí. Róòlù 16mm ni, agolo mẹ́fà, ó sì máa tó wákàtí kan bí a bá wò ó tán. Méjì nínú wọn ń rùn bíi fínígà, ti inú ọ̀kan sì ti ń ká kò. Gbogbo àwòrán rẹ̀ ti pọ́n. Wọ́n ní àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà lókè òkun tó ń tún irú fíìmù tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ báyìí ṣe, tí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí dísìkì Blu-ray fún àwọn tó ń kó fíìmù jọ. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ní ká wá ẹ̀rọ ìfihàn, ká fi fíìmù náà hàn lára ògiri, ká sì fi fóònù ká a sílẹ̀.

Ará Jos:
Ẹ kú ìtọ́jú ohun bàbá yín. Ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n yẹn kó ní sùúrù. Eyín irin wà nínú ẹ̀rọ ìfihàn, òun ló ń wọ inú ihò etí fíìmù tó fi ń fà á. Fíìmù tó ń rùn ti súnkì. Ihò rẹ̀ ò ní bá eyín náà mu mọ́, á kàn máa ya lọ ni. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù láyé nìyẹn, kò sí bí a ṣe fẹ́ dá a padà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i rèé. Acetate, irú ike kan, ni wọ́n fi ṣe ara fíìmù yẹn. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń bà á jẹ́, bó sì ṣe ń bàjẹ́ ló ń tú ásíìdì jáde, irú èyí tó wà nínú fínígà gan-an. Ásíìdì yẹn náà á tún máa jẹ ìyókù, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dúró tó bá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ Image Permanence Institute ní Rochester, Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀: bí a bá tọ́jú fíìmù tuntun síbi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 21°C, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì jẹ́ 50%, ó máa tó nǹkan bí 40 ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí rùn. Ẹ wá fi ìyẹn wé abẹ́ páànù ní Kàbà nínú oṣù kẹta. Pé mẹ́rin nínú mẹ́fà ò tíì rùn, oore ńlá ni.

Ẹ ya méjì tó ń rùn sọ́tọ̀ lónìí, kó jẹ́ yàrá mìíràn pàápàá, torí ásíìdì inú afẹ́fẹ́ lè kó ran àwọn tó kù. Ẹ má fi ọ̀rá dì wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé dídì pinpin ló ń jẹ́ kó pẹ́, bẹ́ẹ̀ ásíìdì tó yẹ kó jáde lẹ máa há mọ́ ọn. Ẹ já ìdérí sílẹ̀ díẹ̀. Bí agolo bá ti dípẹtà, ẹ gbé fíìmù náà sínú ike tó mọ́ tó sì gbẹ, tí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Kó kúrò lórí àjà, kó wà ní yàrá tí oòrùn kì í bá. Fírísà máa ń mú kí ìbàjẹ́ yìí falẹ̀ gan-an lóòótọ́, àwọn ilé ìpamọ́ ńlá ń lo òtútù báyẹn, ṣùgbọ́n iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa á jẹ́ kó máa dì kó máa yọ́, omi á wá máa sẹ̀ sí i lára. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wẹ ọwọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ òwú, kí ẹ fọwọ́ tú ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ nínú róòlù kọ̀ọ̀kan, wọ́ọ́rọ́wọ́, etí nìkan ni kí ẹ máa dì mú. Èyí tó bá ta kú, ẹ má fipá tú u. Ohun tí à ń wá ni pé irú fíìmù wo ló wà níbẹ̀. Ṣé négétíìfù ni (fíìmù inú kámẹ́rà gan-an, tí funfun ibẹ̀ máa ń dúdú), àbí ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ láti fi hàn èèyàn? Ṣé ìlà dúdú-funfun tó ń gbọ̀n wà létí kan? Ohùn nìyẹn, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ bíi ti kásẹ́ẹ̀tì lẹ rí, ohùn náà ni, ṣùgbọ́n ti mágínẹ́ẹ̀tì ni, èyí sì máa ń mú kí fíìmù tètè rùn kíkan, torí irin tó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀ ní agolo dé agolo.

Ẹ̀rù Ń Bà Mí:
Ẹ dákun, mo gbọ́ pé fíìmù àtijọ́ máa ń gbiná fúnra rẹ̀. Ṣé ó dára kó wà nínú ilé tí ọmọdé ń sùn?

Ará Jos:
Nitrate, ohun tí wọ́n fi ń ṣe ara fíìmù láyé àtijọ́, lẹ gbọ́ nípa rẹ̀, 35mm tó ti wà ṣáájú 1951 tàbí ìgbà yẹn ni. Wọn ò fi nitrate ta 16mm fún gbogbo ayé, 1978 sì ti kọjá ìgbà rẹ̀ tipẹ́. Ẹ wo etí fíìmù náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí SAFETY níbẹ̀. Kìkì pé kí ẹ ṣí fèrèsé, torí òórùn yẹn máa ń ta sí imú àti ojú.

Ọmọ Kàbà:
Ẹ ṣeun gidigidi. A ti tú díẹ̀díẹ̀. Nínú agolo kejì àti ìkẹta, ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu: àwòrán á wà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á di dúdú, lẹ́yìn náà àwòrán á tún bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ọ̀kan ti dúdú ni àwòrán wà nínú èkejì. Funfun ibẹ̀ dúdú, dúdú ibẹ̀ sì funfun. Ṣé ó ti já dànù ni?

Ará Jos:
Kò já o! Inú mi dùn débi pé mo dìde lórí àga. Négétíìfù A àti B nìyẹn. Nígbà yẹn, bí ẹni tó ya 16mm bá fẹ́ kí ibi tó so àwòrán pọ̀ má hàn, á pín àwọn ìran sí róòlù méjì: ìran kìíní sí A, ìkejì sí B, ìkẹta sí A. Ibi tí ọ̀kan bá ti sinmi, dúdú ló máa ń wà níbẹ̀. Wọ́n á wá tẹ̀ wọ́n pọ̀ sórí ẹ̀dà kan. Ó túmọ̀ sí pé ohun tó gba inú kámẹ́rà bàbá yín kọjá gan-an lẹ ní lọ́wọ́, kì í ṣe àdàkọ. Àwọn yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ ká, ìyẹn ni kí ẹ̀rọ sọ wọ́n di àwòrán kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà tó ti pọ́n yẹn wúlò fún ohùn, àti láti fi mọ bí bàbá ṣe tò ó.

Ọmọ Yàgbà l'Ábújá:
Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí i. Mo ń kó irú dísìkì báyìí jọ, mo sì ti bá àwọn tó ń ṣe é sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ilé-iṣẹ́ bíi Second Run ní London tàbí Criterion ní Amẹ́ríkà kì í wá fíìmù tó lókìkí nìkan. Wọ́n ń wá èyí tó ní ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀, tí nǹkan ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà, tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì mọ́. Wọ́n máa ń fi ìwé pélébé sínú páálí rẹ̀, àròkọ àti fọ́tò á wà níbẹ̀, ìyẹn gan-an ni àwa olùkójọ fi ń sanwó. Owó àtúnṣe kì í sábà jáde látọ̀dọ̀ wọn nìkan. World Cinema Project tí Martin Scorsese dá sílẹ̀ ní 2007 wà. Ní 2017, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ African Film Heritage Project pẹ̀lú FEPACI, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe fíìmù nílẹ̀ Áfíríkà, àti UNESCO, torí fíìmù ilẹ̀ wa nìkan. Ní Nàìjíríà, ẹ rántí Shaihu Umar tí Adamu Halilu darí ní 1976. Ilé ìpamọ́ ní Jos ni wọ́n ti tún un rí, Arsenal, ilé-iṣẹ́ fíìmù kan ní Berlin, bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn ní Berlinale, àjọ̀dún fíìmù ìlú náà, ní 2018. Nítorí náà, Jos ni kí ẹ ti kan ilẹ̀kùn ná. Yunifásítì ibẹ̀ ti ń kọ́ni nípa ìpamọ́ fíìmù pẹ̀lú Goethe University ti Frankfurt, àwọn ọmọ tó ń jáde níbẹ̀ mọ iṣẹ́.

Bí wọ́n bá fẹ́ ká a, ẹ má gba MP4 kan lásán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wákàtí kan ní 24 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá jẹ́ 86,400 àwòrán. Ní 2K, ìwọ̀n kan fún bí àwòrán ṣe hàn tó, ẹyọ kan máa ń tó 12 sí 13 MB, gbogbo rẹ̀ á lé ní 1 TB díẹ̀. Ní 4K, ẹyọ kan á tó 50 MB, ẹ ti wọ 4 TB nìyẹn. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ fi dátà Kàbà gbé ìyẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Háàdì dísìkì ni, ẹ fi wáybílì rán an láti gáréèjì, ṣùgbọ́n kí ẹ̀dà méjì mìíràn ti wà nílẹ̀ kí ìyẹn tó wọ mọ́tò, ọ̀kan nínú wọn kó wà ní ìlú mìíràn. Fíìmù fúnra rẹ̀, ẹ má fi wáybílì rán an láéláé. Kí ọmọ bàbá gbé e lórí itan lọ.

Ohun kan wà tí mi ò lè dákẹ́ lé lórí. Bí wọ́n bá ní àwọn máa fọ àwòrán náà mọ́ kó tàn yanran, ẹ sọ fún wọn pé rárá. Hóró wínníwínní tó ń mì lójú fíìmù, ara àwòrán ni. Ẹni tó bá fi kọ̀ǹpútà nù ún kúrò ti nu ara awọ àwọn obìnrin yẹn àti fọ́nrán òwú aṣọ wọn kúrò pẹ̀lú. Ojú á dà bí ojú ère oníke. Ká yọ eruku àti ojú họhọ, ó dára, bó bá sì ṣeé ṣe kí wọ́n lo ẹ̀rọ tó ń fi omi oògùn bo fíìmù bó ṣe ń ká a, ọ̀pọ̀ ojú họhọ ò ní hàn mọ́ rárá. Ṣùgbọ́n kí AI máa fúnra rẹ̀ ya ojú èèyàn, èyí tí kò sí níbẹ̀ ni ó ń fi kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n má fa àwòrán 16mm fẹ̀ kó lè kún tẹlifíṣọ̀n òde òní. Kó wà bó ṣe wà, kí dúdú wà lápá ọ̀tún àti òsì.

Gbé E Síta:
Kí ló dé tí ẹ ò kàn gbé e sí YouTube? Ta ló ń ra dísìkì mọ́?

Ọmọ Yàgbà l'Ábújá:
Ẹ̀yin tí ẹ ò rà ló pọ̀ jù, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n YouTube á fún fíìmù náà pọ̀, òjò àti òwú á di àpólà-àpólà. Blu-ray gba 25 GB, tàbí 50 GB bó bá jẹ́ onípele méjì, ibẹ̀ ni hóró yẹn ti ń ráyè. Ìdí kejì ni pé dísìkì ló ń mú kí ilé ìkàwé àti yunifásítì rà á sí pẹpẹ. Tí ẹbí bá fẹ́ gbé e sí YouTube lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn.

Ọmọ Bùnú:
Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí pupa yẹn, torí ọ̀rọ̀ tiwa nìyẹn.

Bí fíìmù aláwọ̀ ìgbà yẹn bá pẹ́, nínú àwọ̀ mẹ́ta tó wà lára rẹ̀, èyí tó jọ aró ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣá. Ohun gbogbo á wá pọ́n: ilẹ̀, ewé, ọ̀run, eyín èèyàn. Ọmọ Kàbà ní ìsìnkú ìjòyè wà nínú fíìmù. Ìjòyè ní Bùnú láyé ọjọ́un, aṣọ ìpò ni wọ́n fi ń sìn ín, aṣọ ìpò sì pọ́n ní tirẹ̀. Nínú ẹ̀dà tó ti ṣá, aṣọ yẹn àti ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti di ọ̀kan náà. Òyìnbó tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Bologna ní Ítálì, níbi tí wọ́n ti ń tún fíìmù ṣe, bó ti wù kó gbọ́n tó, á fa gbogbo pupa sẹ́yìn kí ewé lè tutù, á sì fa aṣọ ìpò mọ́ ọn. Á wá di búráùn kan tí kò nítumọ̀. Ẹni tó bá mọ aṣọ náà á wo ìran yẹn kò ní mọ̀ pé òkú ọlọ́lá ni wọ́n ń gbé.

Nítorí náà, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá béèrè. Àwọn ìdílé kan ṣì ní aṣọ ìpò nínú àpótí. Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n pẹ̀lú obì, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níta, nínú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, kì í ṣe nínú yàrá, kì í ṣe pẹ̀lú fíláàṣì. Kí ẹ gbé káàdì àwọ̀ tí àwọn afọ́tò ń lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tún ya òwú funfun tí wọ́n fọwọ́ ran. Àwọn tó ń tún àwọ̀ ṣe máa ń wá ohun tó funfun láti fi gbé gbogbo ìyókù dúró, òwú àfọwọ́ran wa kò sì funfun bíi bébà. Ó máa ń ní ìyeyè díẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di funfun báláú, gbogbo fíìmù á tutù bí ìlú òtútù. Ẹ fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ pẹ̀lú háàdì dísìkì. Bí ẹ bá sì ráyè, kí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó mọ aṣọ bá yín jókòó wo àbájáde àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ ni kí ẹ kọ ránṣẹ́ sí wọn.

Nípa ìsìnkú náà, ẹ kọ́kọ́ fi í han ìdílé ìjòyè yẹn àti àwọn àgbà ìlú. Bí wọ́n bá ní apá kan kò yẹ kó jáde, ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn. Kó wà ní ìpamọ́, kó má wà lórí dísìkì.

Onílù Ìyàrá:
Mo fara mọ́ Ọmọ Bùnú, ohun tó jẹ mọ́ ìlù ni tèmi. Ẹ béèrè bóyá àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni bàbá fi yà á tàbí 25. Àwọn tó ń ya fún tẹlifíṣọ̀n lọ́dọ̀ wa sábà máa ń lo 25, bàbá sì lè lo ètò ibi iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sáré fíìmù 24 ní 25, ohun gbogbo á fi 4% yára, ohùn á ga. Kò tó àlàfo kọ́kọ́rọ́ dùùrù kan sí èkejì tó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n etí onílù á gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 25 tí wọ́n sì fà á wálẹ̀ sí 24, ìlù á wúwo, orin àwọn obìnrin á dà bí ẹni ti rẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ṣì ní ìlù ìgbà yẹn, tàbí agogo irin tí wọ́n lù nínú fíìmù. Agogo kì í yí ohùn padà bí awọ. Ẹ ká a sílẹ̀, ẹ fi wé ti inú fíìmù.

Ọmọ Yàgbà l'Ábújá:
Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ. Ó ní ìdí tí ilé-iṣẹ́ fi ń fà á sí 24: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Blu-ray ní Amẹ́ríkà kì í lè wo èyí tí wọ́n fi ètò 25 ṣe. Bí ẹ bá ti mọ èyí tó tọ́, ẹ sọ ọ́ sínú àdéhùn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún ní kó má ní àhámọ́ agbègbè. Agbègbè B ni Nàìjíríà àti Yúróòpù, agbègbè A ni Amẹ́ríkà. Dísìkì tí wọ́n bá ti pa mọ́ sí A kò ní ṣí lórí ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní Lọ́kọ́ja.

Agbẹjọ́rò Ìlọrin:
Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ta ló ni ín? Bí bàbá bá fi owó ara rẹ̀ ṣe é, tí kì í ṣe iṣẹ́ tí ìjọba rán an, tirẹ̀ ni, ó sì ti di ogún. Ẹ wá ẹ̀rí: rìsíìtì, lẹ́tà, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bó bá lo kámẹ́rà ìjọba tàbí fíìmù tí ìjọba rà, ẹ sọ fún mi kí ilé-iṣẹ́ òkè òkun tó béèrè, torí wọ́n máa béèrè. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ wa ti 2022 fún irú iṣẹ́ yìí ní 50 ọdún láti ìparí ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e síta. Bó bá jẹ́ 1978 ni wọ́n fi í hàn, ó ń lọ títí di ìparí 2028. Orin tí ẹnì kan pàtó kọ, tirẹ̀ yàtọ̀: 70 ọdún lẹ́yìn ikú onítọ̀hún.

Gbogbo ọmọ ni yóò buwọ́ lù ú, láti ọ̀dọ̀ gbogbo ìyàwó. Bí bàbá kò bá ṣe ìwé ìhágún, ẹ gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ilé-ẹjọ́. Mo ti rí i níbi tí àbúrò kan ti yọjú lẹ́yìn tí nǹkan ti parí, ohun gbogbo sì dúró. Ẹ má ta ẹ̀tọ́ náà pátápátá, ẹ yá wọn fún ọdún tí ẹ bá fẹnu kò sí, dísìkì nìkan, kí àwòrán tí wọ́n ká àti négétíìfù ṣì jẹ́ ti ẹbí. Bí ẹ bá fẹ́ tà á ní Nàìjíríà, ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, National Film and Video Censors Board, bí òfin 1993 ṣe sọ.

Tíṣà Mọ̀pà:
Nípa ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ àwòrán. Kì í ṣe Yorùbá ìwé ni àwọn obìnrin yẹn ń sọ, ti Bùnú ni, àwọn ará Kàbà inú rẹ̀ á sì máa sọ Òwé. Ẹ má fún ẹni tó wà ní London nìkan láti tú u. Kí ẹni tó ń sọ èdè náà nílé kọ́kọ́ kọ ohun tó gbọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, kí a tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ bèèrè fún ti Yorùbá pẹ̀lú, kó ní àmì ohùn. Lórí Blu-ray àti DVD, bí àwòrán ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, torí náà àmì ò ní já bọ́ bí fọ́ńtì tí wọ́n fi ṣe é bá dára. Charis SIL àti Noto gbé e dáadáa. Ẹ kọ gbólóhùn tí ẹ́ àti ọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n fi dán an wò. Bí àmì òkè bá fò kúrò lórí lẹ́tà lọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ dá a padà.

Ọmọ Kàbà:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà. A rí ìwé àkọsílẹ̀ bàbá, ó kọ iye tó fi ra fíìmù síbẹ̀, a sì ti rán sí àwọn àbúrò ní Ẹ̀gbẹ̀ àti Kàdúná. Ọ̀kan péré ló kù: kí ni mo máa kọ sí ilé-iṣẹ́ dísìkì nísinsìnyí?

Ọmọ Yàgbà l'Ábújá:
Ẹ má kọ nǹkan kan sí wọn ná. Jos lẹ kọ́kọ́ máa kọ sí. Ojú ìwé kan tó: ohun tó wà nínú agolo kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń rùn àti èyí tí kò rùn, pé A àti B wà, ohun tí ẹ rí nínú ìwé bàbá. Ẹ fi fọ́tò etí fíìmù náà sí i. Bó bá jẹ́ Kodak, àwọn àmì kéékèèké wà níbẹ̀, róbótó, onígun mẹ́rin, onígun mẹ́ta, tó ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe fíìmù náà. Àmì kan náà máa ń padà wá lẹ́yìn 20 ọdún, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé 1958 ni. Ẹ fi fọ́tò náà síbí bí ẹ bá ti yà á, ká jọ kà á.